Ìyá Akin Jókòó Dípò Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, lẹ́tà kan wà lórí tábìlì mi báyìí, mo fi àwo bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tó bo aláǹgbá. Ọjọ́ karùn-ún tó ti dé rèé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní Ọ̀rẹ̀, kí n máa bọ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Ìjerò, ní ìlú tí wọ́n bí mi sí. Ẹ ò ní bá mi yọ̀ ni? Èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé béèrè rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo fi ìbínú tẹ bírò mọ́ ìwé náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ya, tí mo sì tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá dé nísinsìnyí tí mi ò fẹ́ ẹ mọ́! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìdí tí mo kọ síbẹ̀ ló ń dùn mí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́; ti inú ìwé tiẹ̀ tún burú ju ẹyin lọ, nítorí kì í fọ́, ṣe ló máa ń dúró dè ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún fún mi lórí ẹní yín, kí n rọra tú u palẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà. Àsìkò tí owó epo ń ṣàn ni, tí ìjọba ń kọ́ ilé-ìwé bí ẹni ń gbin àgbàdo, tí wọ́n sì ń wá tíṣà kiri bí abẹ́rẹ́ tó sọnù. Mo ti búra pé ibikíbi tí wọ́n bá rán mi lọ, n ó gbèjà ẹni tí a bá ń rẹ́ jẹ. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn láti kékeré. Bí wọ́n bá pín ẹran nílé wa, tí ti ẹnì kan sì tóbi ju ti ẹnì kejì lọ, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pariwo, bí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ kan ẹran tèmi. Ìyá mi a ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ilé ẹjọ́ ni wọn ì bá bí ọ sí.” Inú mi a máa dùn. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní oríta Ọ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Háà! Tírélà ń bọ̀ láti Bìní, tírélà ń bọ̀ láti Èkó, katapílà àwọn tó ń la ọ̀nà tuntun ń kérora láàárín wọn, eruku pupa sì bo búrẹ́dì, ó bo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bo orí mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Obìnrin kan ń fi pijin polówó, èkejì ń fi èdè Ìkálẹ̀ dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ara wọn yé. Èmi tí mo gbọ́ Yorùbá láti inú ìyá mi wá ni mi ò mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Ẹ wá wò ó, kò sí òkè kankan! Ní Ìjerò, bí mo bá ṣí fèrèsé láàárọ̀, òkè ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Ní Ọ̀rẹ̀, igbó ni níwájú, igbó ni lẹ́yìn, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkàn èèyàn lè fà sí òkè bí ó ṣe ń fà sí ìyá ẹni.

Yàrá kan ni wọ́n bá mi gbà ní ọ̀nà Òdìgbó, lọ́dọ̀ opó kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Akin. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ó lé ní ọgọ́ta ọdún díẹ̀, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì wúwo bí ti ọkùnrin. Ó ní oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Omifúnfun, àwọn àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn sì ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì tí mo dé ló ti ń gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà mi lójoojúmọ́: púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ púpurú, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rẹ sómi títí á fi rọ̀, tí wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n á mọ ọ́n róbótó bí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á wá tò ó sórí àjà onígi lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti dúdú, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha á títí funfun inú rẹ̀ á fi yọ, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì rò ó bí ẹní ro àmàlà. Èmi ọmọ Èkìtì, tí iyán ń bẹ lẹ́nu mi látìgbà tí mo ti ní eyín! Mo gbóòórùn èéfín náà lẹ́ẹ̀kan, mo ní kò ṣe é ṣe. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Akin, mo máa ń gba abọ́, mo máa ń ti ìlẹ̀kùn. Tí ó bá ti wọlé tán, mo máa ń yọjú sẹ́yìn ilé, mo máa ń gbé e fún ewúrẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìjẹ́wọ́ ni mo ń ṣe? Ewúrẹ́ Ìyá Akin jẹ púpurú Ìyá Akin fún odidi oṣù kan, ó sì ń dán bí ẹni tí wọ́n fi epo pa lára.

Ẹkún ni mo fi ń jí láàárọ̀. Bí mo bá dé láti ilé-ìwé, mo máa ti fèrèsé, mo máa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Bí àwọn ará ilé bá ń sọ̀rọ̀ níta tí wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rò pé èmi ni wọ́n ń rín. Wọ́n bá kí mi, mo dáhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sí ẹni tó lé mi sá, èmi ni mo lé ara mi. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹni tó bá wà nínú kànga kì í mọ̀ pé ọ̀run gbòòrò.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí wọn. Láti àárọ̀ ni àwọn obìnrin bí méje ti dé sínú ọgbà wa, ìyàwó àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ Ìyá Akin ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan wá láti Omifúnfun, àwọn kan láti Ajue. Wọ́n fún ẹ̀gẹ́, wọ́n mọ ọ́n, wọ́n tò ó, wọ́n ń dáná, wọ́n ń gún, òógùn bò wọ́n. Ìyá Akin ńkọ́? Orí àpótí ló jókòó sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí fèrèsé mi, kò dìde láti àárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, àfi kí ó máa na ọ̀bẹ sí ìyá yìí àti sí ìyá tọ̀hún pé kí wọ́n ṣe báyìí, kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé kejì, bákan náà. Ní ẹ̀kẹta, bákan náà. Inú mi ru. Mo ní, ìyẹn ni pé nítorí ilẹ̀, ìyá yìí ti sọ ìyàwó oníyàwó di ẹrú! Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín: ìbínú náà dùn mọ́ mi. Ọjọ́ tí mo bínú yẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mi ò sunkún ní Ọ̀rẹ̀. Ìbínú ti fún mi ní iṣẹ́ ṣe. Mo mú bírò, mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́ pé kí wọ́n dá mi padà sílé, pé ọkàn mi kò lè gbà láti gbé láàárín àwọn tó ń fi àlejò ṣe ẹrú, pé onílé mi gan-an ni ọ̀gá wọn. Mo fi ránṣẹ́ ní pósí-ọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ti lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Sátidé kẹrin, mo jáde sí wọn. Mo wọ bàtà tí mo fi ń lọ sí ilé-ìwé, ẹ gbà mí gbọ́. Mo dúró láàárín ọgbà, mo pàtẹ́wọ́ bí mo ṣe ń pa á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Ayé ẹrú ti kọjá. Kò sí òfin tó ní nítorí pé ọkọ yín ń dáko lórí ilẹ̀ èèyàn, kí ẹ máa fi Sátidé yín sìn ín. Ta ló ń jẹ èrè gbogbo làálàá yìí? Ẹ wo ẹni tó jókòó, ẹ wo àwọn tó dúró!”

Odó dákẹ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Ozohu, ará Ẹ̀bìrà, tí èéfín ti kun ojú rẹ̀ dúdú, gbé ọmọ-odó sílẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ta ló kú?”

Mo ní, “Kò sí ẹni tó kú. Ẹ̀tọ́ yín ni mo ń jà fún. Kí ló dé tí púpurú Màmá fi jẹ́ iṣẹ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?”

“Púpurú Màmá?” Ó wo àwọn yòókù. “Ti èmi ni ti òní!”

“Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?”

“Ti ìyàwó Ajue tó dúró nídìí iná yẹn.”

“Ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn?” Mo ń béèrè bí lọ́yà tí ẹjọ́ ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

“Ti ẹni tó ń jọ ìyẹ̀fun níbẹ̀ un. Ti Màmá ti kọjá kí o tó dé ìlú yìí. Ti Tíṣà ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Tíṣà wo?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ìyá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Ozohu ní, “Tíṣà mélòó ló wà nínú ọgbà yìí?”

Àáró ni! A kúkú ń ṣe àáró ní Èkìtì. Bàbá mi wà nínú rẹ̀ títí tó fi kú. Wọn a ro oko tirẹ̀ lónìí, wọn a ro ti ẹnì kejì lọ́la, títí á fi kárí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, oko ẹni tó kàn ni wọ́n ń lọ. Bí o bá ti rí ibi tí wọ́n forí lé, o ti mọ ẹni tó ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Níbí, ìdí iná Ìyá Akin ni gbogbo wọn ń gbé ẹ̀gẹ́ wá, nítorí pé àjà tirẹ̀ nìkan ló tóbi tó láti gba púpurú odidi oko kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń wò ó láti ojú fèrèsé títì, ti Ìyá Akin ni lójoojúmọ́. Àjòjì lójú, kò fi ríran. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kí n tó dá tèmi!

Ìyá Akin kò tíì yíjú. Mo rìn yí i ká lọ síwájú, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ó ń ṣe lórí àpótí yẹn láti oṣù kan. Púpurú ló ń ha. Iṣẹ́ híha kò ṣe é dúró ṣe. Òkìtì méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìyá Ozohu ló ṣàlàyé fún mi: ẹnìkọ̀ọ̀kan ní òkìtì tí ó gbọ́dọ̀ ha kí ó tó lọ sílé. Ọ̀kan jẹ́ ti Ìyá Akin. Èkejì jẹ́ tèmi. Láti Sátidé tí mo dé ló ti ń jókòó dípò mi, ìdí nìyẹn tí kò fi ń ráyè dìde.

Mo kúnlẹ̀ sínú eérú. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé tí ẹ kò pè mí?”

Ó ń ha lọ. Ó ní, “Ẹni tó bá ń sùn nínú ọgbà yìí wà nínú àáró. O ò tíì ráyè, ẹkún ni ò ń sun. A kì í fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún èèyàn.” Ó wá gbójú sókè. “Èmi náà sunkún ní Ọ̀rẹ̀ yìí nígbà tí wọ́n gbé mi wá sílé ọkọ. Àràròmí-Obù ni wọ́n ti gbé mi wá.”

Mo ní, “Àràròmí-Obù tó wà nítòsí níbí, Màmá?”

“Ẹkún ń ka máìlì ni?” Gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí kékeré kan sún mọ́ mi, ó fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́. “Bọ́ bàtà ilé-ìwé yẹn, Lọ́yà, kí o jókòó. Àti pé, bó bá di ọ̀la, jẹ oúnjẹ rẹ fúnra rẹ. Ewúrẹ́ mi ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ, kò lè bẹ́ gọ́tà mọ́.”

Ó mọ̀! Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀, ó sì ń gbé e wá lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí mo ṣe di ará Ọ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi: Lọ́yà. Ọwọ́ mi bó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, imú mi dúdú títí di Mọ́ńdè, àwọn ọmọ kíláàsì mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Sátidé tó tẹ̀ lé e, tèmi kàn. Ìyá Akin fún mi ní ẹ̀gẹ́ láti oko rẹ̀, obìnrin méje sì ṣiṣẹ́ fún èmi tí mo pè wọ́n ní ẹrú. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ozohu ro púpurú náà, a jókòó yí abọ́ kan ká, mo bu òkèlè àkọ́kọ́. Háà, ẹ gbọ́, ṣé ohun tí mo ń fún ewúrẹ́ jẹ nìyí? Ó ń yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun, èéfín rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí ìyá àgbà bá gbá èèyàn mọ́ra nídìí àdògán. Mo jẹ ẹ́ títí Ìyá Ozohu fi fa abọ́ kúrò. Látìgbà náà ni etí mi ti là sí ọ̀rọ̀ wọn. Ulé là ń pe ilé ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń pè é ní ulí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ìyẹn jìnnà síra? Àwọn tí mo rò pé wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ọkọ wọn àti ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn wà nínú mi bí ẹ̀gún ẹja. Ọdún kìíní kọjá, kò sí èsì. Ọdún kejì wọlé, mo ní bóyá ó ti sọnù lọ́nà, mo dúpẹ́. Àfi bó ṣe dé lọ́jọ́ Túsìdé, tí wọ́n tún gbogbo ọ̀rọ̀ mi tẹ̀ síbẹ̀ ní tòótọ́: àlejò, ẹrú, ọ̀gá wọn. Bí mo bá fi pa mọ́, ta ló máa mọ̀? Ìyá Akin kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń pariwo ìdájọ́ òdodo láti kékeré, ṣé ti èmi nìkan ni òdodo kò ní kàn? Ní àárọ̀ òní, Sátidé, gbogbo wọn pé sídìí iná. Mo mú lẹ́tà náà jáde, mo kà á fún wọn ní Yorùbá, mi ò yọ ìlà kan sílẹ̀. Bí mo ṣe kà á tán, Ìyá Akin ń ha púpurú rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ló ní, “Tún ibi tí wọ́n ti pè mí ní ọ̀gá yẹn kà.”

Mo tún un kà. Ìyá Ozohu dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó ní, “Ọ̀gá wa, ẹrú yín rèé o, ẹ tà mí sí Òdìgbó, ibẹ̀ ni ẹja ti pọ̀!” Ẹ̀rín sọ. Ìyá Akin rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí ó simi tán, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “O kọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ kò tíì là. Mo ti gbàgbé rẹ̀ kí o tó sọ ọ́. Ṣé o máa lọ?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká lẹ́tà náà. Ó ní, “Mi ò ní bẹ̀ ọ́, ilé ẹni ni ilé ẹni. Ṣùgbọ́n tìrẹ ló kàn ní Sátidé tó ń bọ̀. Bí o bá máa lọ, wá ẹni tó máa jókòó sórí àpótí rẹ.”

Mo wo àpótí náà. Mo mọ̀ nígbà náà pé mi ò ní lọ. Mo ti kọ èsì mi sẹ́yìn ìwé kan, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀sùn tí mo kọ lọ́jọ́sí kì í ṣe òótọ́, pé èmi ni mo ṣì í rí. Mọ́ńdè ni n ó fi ránṣẹ́.

Ohun kan ló kù, òun ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ìyá mi ti gbọ́ ní Ìjerò pé wọ́n ti dá mi padà. Ó ti gbá yàrá mi, ó ti sá ẹní mi sóòrùn, ó sì ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà mi ló ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò nílé rí, tí ilé tuntun sì gbà yín mọ́ra, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ fún ìyá yín? Mo rò pé n ó gbé púpurú tèmi tí a bá ṣe ní Sátidé lọ bá a, n ó rò ó fún un, n ó sì sọ ọ́ nígbà tí òkèlè bá wà lẹ́nu rẹ̀, tí kò ní lè pariwo. Ṣé ìyẹn dáa? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú onílùú, èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni n ó fi lé yín lọ́wọ́: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde, ẹ béèrè, kí ẹ tó bínú.

Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀, àmọ́ mo ní láti sọ èyí. Tíṣà tuntun kan dé sí yàrá tó kọjú sí tèmi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Fèrèsé rẹ̀ máa ń wà ní títì. Mò ń ha òkìtì méjì báyìí ní gbogbo Sátidé, mo sì ń gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó máa ń dúpẹ́ gan-an, á gbà á, á ti ìlẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí i, ẹ má sọ fún un pé mo mọ̀. Ewúrẹ́ Ìyá Akin ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.